Ìrìn-àjò láti Land's End dé John o' Groats

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ sáré yí pápá ilé-ìwé yín ká ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ nínú yín? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó rọra bẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń sá a dé òpin. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Lónìí, a ó kà nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rìn láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ kan dé ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé, àwọn ènìyàn máa ń kó ara wọn jọ láti dá ẹgbẹ́ eré sísá tàbí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ife-ẹ̀yẹ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe é. Olùkọ́ lè wà nínú ẹgbẹ́ náà, nọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, télọ̀ àti awakọ̀ náà lè wà níbẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn a pàdé, wọn a sáré, wọn a gun kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà wọn a jókòó jẹun, wọn a sì jọ ṣàwàdà. Nígbà tí ó bá pẹ́, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pinnu láti ṣe ohun ńlá kan pọ̀. Ọ̀kan nínú irú ohun ńlá bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n la erékùṣù Bírítéènì já.

Ọ̀nà náà

Bírítéènì ni erékùṣù ńlá tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì àti ilẹ̀ Wales wà lórí rẹ̀. Ní igun rẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ibì kan wà tí a ń pè ní Land's End. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "Òpin Ilẹ̀", nítorí pé òkun ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀. Ní òkè pátápátá ní àríwá ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, abúlé kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John o' Groats. Ará ilẹ̀ Hóláńdì kan tí ń jẹ́ Jan de Groot, tí ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí àwọn erékùṣù Orkney láyé àtijọ́, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe abúlé náà.

Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Land's End dé John o' Groats, nǹkan bí 970 kìlómítà ni yóò fò. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ. Òkun wọ inú ilẹ̀ ní ibì kan, òkè dí ọ̀nà ní ibòmíràn, adágún omi sì wà níwájú. Ìdí nìyí tí títì fi ń yí kiri. Nípa títì, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí 1,407 kìlómítà, èyí tí í ṣe 874 ibùsọ̀. Ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní 100 kìlómítà lójúmọ́, lẹ́yìn ọjọ́ 14, kìlómítà 7 péré ni yóò kù fún wọn. Bí ènìyàn kan bá ń sáré 42 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni yóò dé. Ẹni tí ó bá ń rin 25 kìlómítà lójúmọ́ yóò rìn ju ọjọ́ 56 lọ.

Àwọn tí ó ti lọ ṣáájú

Ní ọdún 1871, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, John Naylor àti Robert Naylor, fi ẹsẹ̀ rìn láti John o' Groats lọ sí Land's End. Wọn kò gba ọ̀nà tí ó yá. Wọ́n ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wo àwọn ìlú àti ilé àtijọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ìrìn wọn gbà. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n máa ń sinmi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn ṣì jìn.

Ní ọdún 1886, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ G. P. Mills gun kẹ̀kẹ́ láti Land's End dé John o' Groats ní ọjọ́ márùn-ún, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Ọmọ ọdún 19 ni. Kẹ̀kẹ́ tí ó gùn kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tóbi gan-an, ti ẹ̀yìn sì kéré bíńtín. Orí ẹsẹ̀ ńlá yẹn ni ẹni tí ó ń gùn ún máa ń jókòó sí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá kọlu òkúta, ó lè sọ ẹni tí ó gùn ún síwájú, kí ó fi orí gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà kẹ̀kẹ́ ní àkókò náà. Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lórí rọ́bà tí a ń fún ní afẹ́fẹ́, lẹ́yìn tí ó ti ṣe irú rẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà ni Mills mọ̀ lára.

Kẹ̀kẹ́ ti yàtọ̀ lóde òní. Ní ọdún 2018, Michael Broadwith gùn ún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ní wákàtí 43, ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13. Ọjọ́ méjì kò pé! Ṣùgbọ́n akọni kan ṣoṣo tí ó ń lé àkókò nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ń gbà ṣe tirẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é

Ẹ ó béèrè pé: báwo ni àwọn tí ó ń sáré àti àwọn tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ yóò ṣe máa dé ibì kan náà ní ìrọ̀lẹ́? Ṣebí kẹ̀kẹ́ yá ju ẹsẹ̀ lọ. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Ká ní àwọn mẹ́wàá ni ó ń sáré. Ẹni àkọ́kọ́ yóò sá 10 kìlómítà, ẹni kejì yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì sá 10 kìlómítà tirẹ̀, títí yóò fi kan ẹni kẹwàá. Àwọn tí kò sáré yóò jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni kò sá ju 10 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ti rin 100 kìlómítà bí àwọn oníkẹ̀kẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ní ọgbọ́n tiwọn. Bí ènìyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́ sáré, afẹ́fẹ́ ni ó ń dí i lọ́wọ́ jù. Ẹni tí ó wà níwájú ń la afẹ́fẹ́ náà bí ẹni tí ó ń fi àdá lànà nínú igbó. Ìrọ̀rùn ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì máa ń gba ipò iwájú ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹni iwájú bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, yóò yà, yóò lọ sẹ́yìn láti sinmi, ẹlòmíràn yóò sì bọ́ síwájú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan kì í pẹ́ níwájú. Bí ẹni iwájú bá rí kòtò, yóò na ọwọ́ sí i kí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹra.

Wọ́n tún máa ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ní Bírítéènì, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti Land's End, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n sì fẹ́ràn láti lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù kẹfà ọdún, oòrùn kì í wọ̀ ní John o' Groats títí aago mẹ́wàá alẹ́ yóò fi kọjá.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò rọrùn. Ní ẹkùn Cornwall àti Devon, níbi tí ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀, òkè kéékèèké tí ó ga sókè ṣánṣán ni ó kún ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gun ọ̀kan tán, òmíràn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ibẹ̀ le ju àwọn òkè gíga Skọ́tíláǹdì lọ, nítorí pé ara kò tí ì mọ iṣẹ́ náà.

Ìtọ́jú ara

Ara ènìyàn dà bí fìtílà: bí epo bá tán, iná yóò kú. Oúnjẹ ni epo rẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré tàbí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí ebi bá pa á kí ó tó jẹun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọ̀dùnkún dára fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ, lemọ́lemọ́.

Bí a bá ń làágùn, kì í ṣe omi nìkan ni ó ń jáde lára wa. Iyọ̀ náà ń jáde. Ẹ ti tọ́ òógùn wò rí, ẹ mọ̀ pé ó níyọ̀. Ẹni tí kò mu omi tó lè dákú. Ẹni tí ó ń mu omi lásán ní àmujù, láìjẹ iyọ̀ kankan, lè ṣàìsàn pẹ̀lú. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó dára.

Ẹsẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí bàtà bá ń fi ara gbo ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yóò lé ròrò. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ kíá, ó ṣeé ṣe kí ó san. Bí a kò bá kà á sí, ó lè di egbò ńlá, kí ó sì dá ènìyàn padà sílé. Pajápajá lè mú iṣan ẹsẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá bí ó bá ti rẹ ènìyàn jù.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹni tí nǹkan bá ń ṣe kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tijú láti wí pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákú lójú títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá, lè kú. Bí ó bá ti sọ ọ́ ní àkókò, yóò wọ inú ọkọ̀, yóò sinmi, yóò sì bá wọn lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n kì í fi ẹni tí ó lọ́ra sílẹ̀ lẹ́yìn, kì í sì í fi í ṣẹ̀sín.

Kí ni èrè rẹ̀?

Àwọn kan lè béèrè pé: kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ọkọ̀ ojú irin wà, ọkọ̀ òfurufú sì wà. Ní ọdún 1985, Ian Botham, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹsẹ̀ rìn láti John o' Groats dé Land's End. Ó ti rí àwọn ọmọdé tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà ní ilé ìwòsàn, àánú wọn sì ṣe é. Bí ó ti ń rìn lọ, àwọn ènìyàn ń jáde sójú títì, wọ́n ń dá owó fún ìwádìí àrùn náà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti gba ọ̀nà yìí kí wọ́n lè kó owó jọ fún àwọn aláìsàn. Ẹni tí ó ń sáré ń jẹ ìyà fún ìgbà díẹ̀, kí ìyà tí ó ń jẹ ẹlòmíràn lè dín kù.

Ẹ̀yin ọmọ, ó lè má jẹ́ pé ẹ ó dé Land's End láéláé. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni ẹ ní ọ̀nà jíjìn kan níwájú. Fún àwọn kan, ìṣirò ni. Fún àwọn mìíràn, ìwé kíkà ni. Ẹ má ṣe wo bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó kí ẹ̀rù má baà bà yín. Ẹ pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹun, ẹ sinmi, ẹ sọ ọ́ jáde nígbà tí nǹkan bá le, kí ẹ sì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Land's End?
2. Kí ni ó fà á tí ọ̀nà títì fi gùn ju ọ̀nà tí ẹyẹ lè fò lọ?
3. Báwo ni kẹ̀kẹ́ tí Mills gùn ní ọdún 1886 ṣe yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ òde òní?
4. Bí àwọn 8 bá ń sáré, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sá 10 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi rin 1,407 kìlómítà?
5. Èéṣe tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń gba ipò iwájú ní ìkọ̀ọ̀kan?
6. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn: ìpẹ̀kun, erékùṣù, pajápajá, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.
7. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí iṣẹ́ kan tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ ṣe parí.