Iye Owó tí Kò Hàn Lára Ọjà

Gbogbo wa ni a mọ àkàwé Olúwa wa nípa ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìṣọ́ láìkọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, n kò sì rò nígbà kankan pé èmi ni ọkùnrin náà, títí di ọdún 2023 tí mo ra ògbólógbòó ẹ̀rọ àwo orin kan láti Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ẹni tí n kò rí rí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí mo fi rà á nìyí. Bàbá mi tí ó ti di olóògbé jẹ́ akọrin tẹ́nọ̀ nínú ìjọ wa. Ẹgbẹ́ akọrin wọn ṣe àwo orin kan nígbà ayé rẹ̀, bàbá sì dá orin kan kọ nínú rẹ̀. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa: láti ọdún 1922, nígbà tí Kánọ́nù J. J. Ransome-Kuti kọ àwọn orin ìyìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀n fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, ni ohùn àwọn baba wa ti ń gbé inú àwo lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Àwo ti bàbá mi wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi ní ilé wa ní Dọ̀pẹ̀mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ tipẹ́. Ní ọjọ́ kan ìyá mi, tí ó ti lé ní 80 ọdún, wí fún mi pé, “Ọmọ mi, mo fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá a.” Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí yóò jókòó?

Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà ń béèrè 80 dọ́là. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Houston bá mi san án. Mo sọ fún ìyàwó mi pé 80 dọ́là ni. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé.

Ìfiránṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ là mí lójú. Ẹ̀rọ náà kò ju kílò 9 lọ lórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù a máa wọn páálí pẹ̀lú: wọn a sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀ lára wọn, wọn a sì fi 5,000 pín in. Páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 40, kílò 24 ni lójú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóòmù àti afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó ìfiránṣẹ́ ju ìlọ́po méjì owó ẹ̀rọ lọ.

Nígbà tí ẹrù dé pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, àwọn aṣọ́bodè béèrè tiwọn, bí òfin ti wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé a kì í ṣírò owó bodè lórí iye ọjà nìkan. Iye ọjà, owó ìfiránṣẹ́ àti owó ìdójútòfò ni a ń pa pọ̀ kí a tó ṣírò. Lẹ́yìn èyí ni owó orí ọjà tún wà, tí ó ti jẹ́ 7.5 nínú 100 láti ọdún 2020. Nítorí náà ẹni tí ó san owó ìfiránṣẹ́ ńlá yóò tún san owó bodè lórí owó ìfiránṣẹ́ náà.

Náírà wa pẹ̀lú kò dúró sójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ìjọba fi iye dọ́là sílẹ̀ fún ọjà láti sọ. Dọ́là tí a ń ṣírò ní nǹkan bíi 460 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 náírà ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ra ọjà ní oṣù kan, tí ó sì san ìyókù owó rẹ̀ ní oṣù mìíràn, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ iye tí òun ná.

A gbé ẹ̀rọ dé ilé. Iná mànàmáná ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa sì jẹ́ 230. Èyí ni mo mọ̀, mo sì ra tránsífọ́mà. Mo ra abẹ́rẹ́ tuntun àti bẹ́líìtì rọ́bà tuntun, nítorí àwọn ti inú rẹ̀ ti gbó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi a pe ìyá mi jókòó, a sì gbé àwo sí i. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní, “Ta ni èyí? Èyí kì í ṣe ohùn bàbá rẹ.”

Òótọ́ ni. Orin náà ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, tẹ́nọ̀ sì ti di básì. Ohun tí n kò mọ̀ nìyí: iná tí ń wọ ilé wa a máa lọ, a sì máa bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 60. Mọ́tò tí ń yí irú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ń bá lílọ-bíbọ̀ iná rìn. Tránsífọ́mà lè dín agbára iná kù, ṣùgbọ́n kò lè yí lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ padà. Àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní bíi ìgbà 28. Orin tí ó yẹ kí ó gba ìṣẹ́jú 20 gba 24.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá wọn, èló ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ gan-an?” Mo mú ìwé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin iye tí mo kọ́kọ́ sọ lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti inú owó tí a fi pamọ́ fún ilé-ìwé ọmọ wa obìnrin wá. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ bá ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, à bá jọ rò ó.” Owó àjọ rẹ̀ ni a fi dí ihò náà. Ojú tì mí ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ọ̀gá oníṣẹ́ irin kan wà ní àdúgbò wa, tí ó ti fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin fún àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá a. Ó yọ púlì kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá lẹ́nu mọ́tò, ó wọn ìbú rẹ̀, ó sì fi idẹ gbẹ́ òmíràn tí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi jù ú lọ. Owó tí ó gbà kò tó èyí tí mo fi ra abẹ́rẹ́. Nígbà tí a tún gbé àwo sí i, ìyá mi dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá mi kọ ohùn áltò lábẹ́lẹ̀. A kò bá a sọ̀rọ̀ títí orin fi parí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ayọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí mú yín gbàgbé ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ bí a bá kọ fóltì 230 àti 50 sí i. Èyí tí a ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì máa ń bá iná wa mu. Èyí tí a ṣe fún Japan, fóltì 100 ni. Kí ó béèrè ìwọ̀n páálí kí ó tó béèrè iye ọjà. Bí olùtajà bá kọ ọ́ pé òun kò tíì dán an wò, kí ó ṣírò rẹ̀ bí òkú ẹ̀rọ. Kí ó sì rántí pé bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, dídá a padà yóò tún gba owó ìfiránṣẹ́ mìíràn.

Ìnáwó kan ṣì kù, gbogbo ìlú ni ó sì ń san án. Ní ọdún 2015 àti 2016 àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti ibùdó Àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn yẹ ẹrù ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wò ní àwọn èbúté Èkó. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Irú wọn ni ó ń dé orí ààtàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń jó wáyà wọn láti rí bàbà inú rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ilé wa nísinsìnyí, ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí ọjà kan bá wu ẹnikẹ́ni nínú wa, a óò kọ iye rẹ̀ sí òkè, a óò kọ gbogbo ohun tí yóò tẹ̀lé e sí ìsàlẹ̀, a óò sì jọ ka àròpọ̀ rẹ̀ kí owó tó jáde. Ìyàwó mi ni ó ń tọ́jú ìwé náà.