Ìjọba Ìbílẹ̀, Ilẹ̀ Ẹbí àti Ilé Gbígbé Mẹ̀kúnnù ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká, ilé tí ìjọba kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn: Bódìjà ní Ìbàdàn, tí Àjọ Ilé Kíkọ́ Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 kọ́ (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni ó wà fún ju mẹ̀kúnnù lọ), àti àwọn ilé tí Lateef Jákàńdè kọ́ ní Èkó láàrin 1979 sí 1983. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ilẹ̀ ni ó lè fi ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, àti pé káńsù kan kò lè dá a ṣe.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n ibi tí gómìnà bá kéde pé ó jẹ́ ti ìlú ńlá ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Èyí tí ó kù wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí ó sì lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ìwé-Òfin Orílẹ̀-Èdè ti 1999 fi ojú ọ̀nà, gọ́tà, ìdọ̀tí, nọ́ńbà ilé àti owó-orí ilé sára iṣẹ́ káńsù. Kò dárúkọ ilé kíkọ́. Àṣẹ 88 ti 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ aṣètò ìlú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2003 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni ètò ìlú àti agbègbè, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ohun tí ìpínlẹ̀ bá yọ̀ǹda ni káńsù ń ṣe.

Ti inú ìwé nìyẹn. Ní ojúde, ẹbí ni ó ń ta ilẹ̀. P. C. Lloyd ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá (1962) pé Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ Yorùbá ní ti pé ọmọ a máa ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ìdílé bàbá àti ti ìyá. Nítorí náà, ẹnì kan lè jẹ́ ọmọ ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan kàn a sì máa pọ̀ lọ súà. Púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà, láìsí àwòrán kan tí ó so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ tí ó ra púlọ́ọ̀tì san owó fún olórí ẹbí, ó san fún ọmọ onílẹ̀, ó san fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ kó iyanrìn wọlé, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Owó tí ì bá fi mọ ògiri ti lọ.

Àtúntò ilẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Káńsù àti àwọn ẹbí yóò wọn ilẹ̀ pọ̀, wọn yóò yọ ojú ọ̀nà, gọ́tà àti ilé-ẹ̀kọ́, a ó sì dá èyí tí ó kù padà fún ẹbí kọ̀ọ̀kan. Ó dín ní ìwọ̀n, ó gbówó lé e. Frankfurt ní Jámánì ti ní òfin irú rẹ̀ láti 1902, èyí tí a fi orúkọ olórí ìlú náà, Franz Adickes, pè.

Ìṣòro kan wà. Bí Ìjẹ̀bú-Òde ti ń fẹ̀, ilé ń wọ ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú àti Ìjẹ̀bú North-East, gọ́tà kò sì mọ ààlà. Pé ìlú lè jókòó pọ̀ kì í ṣe tuntun níbẹ̀: láti 1998 sí 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ darí ìjíròrò gbogbogbò lórí dídín òṣì kù, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà. Ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní oṣù Keje 2024, pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀, tún lè mú kí owó ìwọnlẹ̀ wà nílẹ̀.

Àkókò ni ó le jù. Bí káńsù bá gba ilẹ̀ ìgbèríko fún ojú ọ̀nà kí ilé tó débẹ̀, irè oko ni pàtàkì ohun tí òfin 1978 ní kí ó san owó rẹ̀. Bí ilé bá ti wà lórí rẹ̀, owó ilé ni.