Nọ́ńbà Pupa Nínú Ọgbà Ilé: Ìwé àti Adójútòfò Ọkọ̀ Èrò Tí A Sọ Di Ọkọ̀ Ilé

Ìdílé tó pọ̀ a máa ra bọ́ọ̀sì tó ti kérò rí. Àgbẹ̀ a máa ra píkọ́ọ̀pù tó ti ru ẹrù ẹlẹ́rù. Owó ti kúrò lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́, ọkọ̀ sì ti wọ ọgbà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọkọ̀ èrò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ.

Ohun tí àwọ̀ nọ́ńbà ń sọ

Ní Nàìjíríà, lẹ́tà búlúù lórí nọ́ńbà funfun ni ti ọkọ̀ ilé, lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò tàbí ẹlẹ́rù, àwọ̀ ewé sì ni ti ìjọba. Pé ẹni tó ra ọkọ̀ nọ́ńbà pupa kò gbé èrò mọ́ kò sọ ọ́ di ọkọ̀ ilé. Títí ọ́fíìsì laísẹ́ǹsì yóò fi yí i padà nínú ìwé, ìlànà ọkọ̀ èrò ni olówó rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé.

Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ilé ń gba ìwé ìyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ti ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ èrò ní láti ní páámíìtì Hackney, ìyẹn ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ gbé èrò fún owó; ọkọ̀ ilé kò nílò rẹ̀. Laísẹ́ǹsì awakọ̀ oníkíláàsì B, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ ilé mú dání, kò fàyè gba wíwa takisí tàbí bọ́ọ̀sì akérò. Kí a tó wá sórí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ìkóríta: nọ́ńbà pupa ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè bóyá ìyàwó àti ọmọ ló wà nínú ọkọ̀.

Bí a ṣe ń yí i padà

Lọ́wọ́ ẹni tó tà á ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Gba gbogbo pátíkúlà: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀, laísẹ́ǹsì ọkọ̀, àti rìsíìtì tó fi hàn pé ó ti tà á fún ọ. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ àti ìwé lọ sí ọ́fíìsì laísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ rẹ. Ohun méjì ni kí o béèrè fún pọ̀: kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí orúkọ rẹ, kí wọ́n sì yí i láti ọkọ̀ èrò sí ọkọ̀ ilé pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Bí o bá pa ọ̀dà danfó rẹ́, kí àwọ̀ tuntun náà wọ inú ìwé. Iye tí wọn yóò gbà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, nítorí náà rìsíìtì ìjọba ni kí o gbà, má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Adójútòfò

Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà pé ẹni tó ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pa lára. Òfin adójútòfò ọdún 2003 fi dúkìá ẹlòmíràn kún un. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé adójútòfò wò lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè.

Àjọ NAICOM ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò. Iye tí ó gbé kalẹ̀ fún tọ́ọ̀dì-páátì, ìyẹn adójútòfò nítorí ẹlòmíràn yìí, lọ́dún, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, àti ìwọ̀n dúkìá tí ó bò, nìyí:

Ọkọ̀ ilé: ₦15,000, ó bo ₦3,000,000.
Ọkọ̀ tó ń ru ẹrù olówó rẹ̀: ₦20,000, ó bo ₦5,000,000.
Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́: ₦20,000, ó bo ₦3,000,000.
Ọkọ̀ akẹ́rù fún owó: ₦100,000, ó bo ₦5,000,000.

Ìsọ̀rí kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó kòkó tirẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́: ẹrù ara rẹ̀ ni, ₦20,000 ló kàn án. Lọ́jọ́ tó bá gba owó láti kó kòkó aládùúgbò mọ́ ọn, ìsọ̀rí náà kò bò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì tí ìyá kan forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ilé, tí ọmọ rẹ̀ ń fi ṣe kabú-kabú lálẹ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè tọ́ka sí ìlà tó ní ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé èrò olówó, kí ó sì kọ̀ láti san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ yóò ṣe ni kí o sọ ní ọjọ́ tí o bá ń kọ fọ́ọ̀mù.

Tọ́ọ̀dì-páátì kò tún ọkọ̀ tìrẹ ṣe. Kọ́mpíríhẹ́ńsíìfù ló ń ṣe ìyẹn, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ₦6,000,000, ₦300,000 ló kéré jù. Má ṣe gbára lé ìwé adójútòfò ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ. Òun ni ilé iṣẹ́ adójútòfò bá dá májẹ̀mú. Bí owó kò bá sì tíì wọlé, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tẹ *565*11# lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé tí wọ́n fún ọ.

Ọjọ́ tó yẹ kí o sàmì sí

Lọ́dọọdún: laísẹ́ǹsì ọkọ̀, adójútòfò, àti ìyẹ̀wò ọkọ̀ ilé.
Lóṣù mẹ́fà mẹ́fà: ìyẹ̀wò ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì pupa.
Lọ́dún mẹ́ta tàbí márùn-ún: laísẹ́ǹsì awakọ̀.

Adójútòfò ni kí o kọ́kọ́ sọ dọ̀tun, torí ọ́fíìsì laísẹ́ǹsì yóò béèrè rẹ̀. Fi bírò yí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan po lára àlámànàkì rẹ kí o tó fi í kọ́ sára ògiri, kí o sì sàmì mìíràn sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀.