Nígbà Tí Ọmọ Yín Bá Lọ Ṣe Agbẹnusọ Níléeṣẹ́ Kajú

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lónìí, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní kòmúníkásíọ̀. Kí wọ́n tó parí, wọ́n á lọ ṣe sitáàjì, ìyẹn ni pé kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ká ní iléeṣẹ́ kajú ló gba ọmọ yín. Ó mọ igi kajú lóko bàbá rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kajú lẹ́yìn tó bá ti wọ ọkọ̀. Òun ni wọ́n wá ní kó máa bá àgbẹ̀ àti oníbàárà sọ̀rọ̀. Báwo ni yóò ṣe ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Akéde ọba máa ń gbé ọ̀rọ̀ ààfin wá síta. Agbẹnusọ iléeṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń gbé ọ̀rọ̀ ìta padà wọlé. Bí àgbẹ̀ bá ń ráhùn nípa òṣùwọ̀n, òun ló yẹ kó gbọ́, kó sì sọ ọ́ fún ọ̀gá. Bí kò bá gbé ti àgbẹ̀ wọlé, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹnu, ti ojú àti etí ni. Abéèrè kì í ṣìnà. Nítòsí wa, ní Tchamba, Cajou Espoir ti wà láti ọdún 2004. Níléeṣẹ́ irú èyí, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná se kóró kajú, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á fi ààrò gbẹ ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á bó awọ tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òróró inú èèpo yẹn máa ń jó awọ ara bí iná. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń fọ́ ọ. Ọmọ tí kò bá jókòó ti àwọn ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló fẹ́ sọ nípa rẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ́ èdè ibẹ̀. Wọ́n lè ní W180 tàbí W320. Àlejò á rò pé 320 ló dáa jù nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Iye ọmọ kajú funfun odindi tó wà nínú ìwọ̀n kan tó kéré díẹ̀ sí ìdajì kílò ni wọ́n ń kà. Bí 180 bá kún un, wọ́n tóbi. Bó bá gba 320, wọ́n kéré. Èyí tó tóbi ló máa ń wọ́n jù.

Ọ̀kan wà tó kan ẹ̀yin àgbẹ̀ gan-an. Bí oníṣòwò bá ní kajú yín jẹ́ 48, ohun tó ń sọ ni pé àpò 80 kílò lè fún un ní nǹkan bíi kílò 22 ọmọ inú tó dáa. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kajú yín níye lórí tó. Ẹ jẹ́ kí kóró gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó o sínú àpò tó ń gba atẹ́gùn. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé èyí fún yín lédè wa ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó léwu jù ni ọ̀rọ̀ iye owó. Ẹyin lohùn. Bí ọmọ bá gbọ́ fìrìfìrì ní ọ́fíìsì pé owó kajú yóò gòkè, tó wá lọ sọ ọ́ lọ́jà Kambolé, àwọn èèyàn á tọ́jú kajú wọn pa mọ́. Òjò á dé bá a, á bu, owó ọdún kan á lọ. Kó má sọ iye kankan títí ọ̀gá á fi fọwọ́ sí i, kó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kó sọ pé wọ́n ti san owó gbogbo àgbẹ̀, tí kò rí i bẹ́ẹ̀, kó fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìwé ìsanwó." Àárín wa ló máa padà sí nígbà tí sitáàjì bá parí.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó lọ, ẹ bèèrè ìwé àdéhùn tí ilé ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ àti ọmọ fọwọ́ sí. Oṣù mélòó ni? Ta ni yóò máa kọ́ ọ? Ṣé wọ́n á fún un lówó ọkọ̀? Nígbà míì, owó ọkọ̀ nìkan náà ni, nígbà míì kò tiẹ̀ sí. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ bó bá ń fi ọ̀sẹ̀ méjì bèèrè ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹ jíròrò èyí nínú ẹgbẹ́ yín: ta lẹ máa ń bi ní iye tí wọ́n ń ra kajú, báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé òótọ́ ló sọ? Ó dìgbà míì o.