Oúnjẹ àti Òfin ní Dallas: Ohun Tí Ẹ Lè Béèrè

Àdéhùn àgbáyé tó pe oúnjẹ ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jáde ní 1966. Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti 1993. Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1977, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin àgbà kò tíì fàṣẹ sí i. Nítorí náà, ẹ kò lè tìtorí ebi nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Dallas. Ohun tí òfin fún yín ni àǹfààní láti béèrè ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ, láti gbọ́ èsì lásìkò, àti láti ta ko èsì tí kò tẹ́ yín lọ́rùn.

  

Ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù ni SNAP, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní food stamp. Ẹ pe 211, tàbí kí ẹ lọ sórí ìkànnì Your Texas Benefits. Ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo ìwé bá pé: orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ìbéèrè yín bá sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ó ti máa ka àkókò èsì. Èsì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ. Fún ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, ọjọ́ 7. Lone Star Card, káàdì tí wọ́n ń san owó SNAP sí, máa ń ra gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti epo pupa níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, àní irúgbìn ewédú pẹ̀lú. Kì í ra ìrẹsì gbígbóná ní búkà.

Àgbàlagbà tó ní green card sábà máa ń dúró fún ọdún 5 kó tó lè gba SNAP. Ọmọ tí kò tí ì pé 18 kì í dúró. Òbí tí kò ní ìwé ìgbélùú lè béèrè fún ọmọ tó bí síbí, láìsọ nọ́ńbà Social Security tirẹ̀, àmọ́ wọn yóò béèrè iye tó ń wọlé fún un.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ má fi ìtìjú gbé e mì. Ọjọ́ 90 ni ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà náà láti ní kí wọ́n tún ẹjọ́ yín gbọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń béèrè. Ẹ kò ní sanwó rẹ̀.