Ọgbà Bòtújẹ̀: Ewúrẹ́ Kì Í Jẹ Ẹ́, Ọmọ Ò Gbọdọ̀ Jẹ Ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Jákàńdè, Ìlàsàn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọgbà láìnáwó púpọ̀, a ní kó gbin bòtújẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní làpálàpá. Ó ń hù nínú iyanrìn wa. Omi tó bá dá rogún ló ń ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ẹ jẹ́ kí oje rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ wá rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò. Ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n májèlé ni hóró rẹ̀ o! Ó ń dùn bí ẹ̀pà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ẹ máa ká èso rẹ̀ dànù. Bọ́mọ bá jẹ ẹ́, ẹ sáré gbé e lọ sọ́sibítù.