Ẹ ka eégbọn oyin kí ẹ tó wá oògùn fún un

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú ló ní ilé oyin létí oko tàbí lábẹ́ igi kajú. Oyin ń mówó wọlé nígbà tí owó òwú kò tíì dé, ó sì ń ran òdòdó òwú lọ́wọ́ láti so. Nítorí náà, bí oyin bá ń ṣàìsàn, ọkàn ẹni kì í balẹ̀. Àwọn kan a sáré mú oògùn òwú tó ṣẹ́ kù nílé, wọ́n a fín in sínú ilé oyin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe oyin yín.

Kí ni eégbọn oyin?

Kòkòrò pupa rúsúrúsú ni, ó rí pẹlẹbẹ, kò tó mílímítà 2. Varroa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara oyin, ó sì ń jẹ ẹ́ lára. Inú ihò afárá tí oyin ti dé pa mọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń bímọ sí. Ihò akọ oyin ló fẹ́ràn jù, nítorí pé ọmọ akọ máa ń pẹ́ nínú ihò ju ọmọ òṣìṣẹ́ lọ.

Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ó sì ti wà ní Benin níbí. Ṣùgbọ́n oyin ilẹ̀ Áfíríkà mọ bí a ṣe ń bá a jà: ó ń gbọn ún kúrò lára, ó sì ń kó ọmọ tó ti bàjẹ́ jù síta. Ọdún 1997 ni wọ́n rí eégbọn yìí ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ilé oyin kan kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn olóyin kò lo oògùn, láàárín ọdún díẹ̀ oyin wọn sì ti ń bá a gbé láìkú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí eégbọn kan ṣoṣo, ìyẹn kò tíì tó ìdí láti lo oògùn.

Ṣé eégbọn ni, àbí oògùn òwú?

Bí òkú oyin bá kún iwájú ilé wọn lọ́jọ́ kan náà, pàápàá ní àsìkò tí wọ́n ń fín òwú, oògùn ló pa wọ́n. Ẹ lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ wà nítòsí sọ̀rọ̀, kí ó máa fín in ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé. Eégbọn kì í pa oyin lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni oyin ń dín kù, ẹ ó sì rí àwọn tí ìyẹ́ wọn ká kò tí wọ́n ń rìn nílẹ̀ láìlè fò.

Bí a ṣe ń kà á

Ẹ wọ aṣọ oyin, ẹ fín èéfín. Kí ojú ọjọ́ gbẹ, torí ṣúgà tó bá tutù kò ní ṣiṣẹ́.

1. Ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Ẹ fi àwọ̀n dé e: kí eégbọn lè gba ojú rẹ̀ kọjá, kí oyin má lè kọjá.
2. Ẹ gún ṣúgà kó kúnná bí èlùbọ́.
3. Ẹ gbọn oyin kúrò lára afárá tó ní ọmọ, títí yóò fi kún ìdajì ife kan, bíi mililítà 100. Ó tó nǹkan bí oyin 300. Ẹ wò ó dáadáa kí ìyá oyin má bàa sí níbẹ̀.
4. Ẹ da ṣíbí ṣúgà 2 lé wọn lórí, ẹ yí ìgò náà fún ìṣẹ́jú 1, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀ níbi òjìji.
5. Ẹ da ojú ìgò dé sórí àwo funfun tó ní omi, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ṣúgà á yọ́, eégbọn á hàn. Ẹ kà á.
6. Ẹ dá oyin padà sílé wọn. Wọn kò ní kú.

Ẹ pín iye náà sí 3. Ohun tó bá jáde ni iye eégbọn tó wà lára oyin 100.

Kí la ó ṣe?

*Kò tó 3:* ẹ fi oyin sílẹ̀.

*Ó tó 3 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oyin pọ̀, ara wọn sì le:* ní Yúróòpù, iye yìí ti tó kí wọ́n lo oògùn. Oyin tiwa lè gbé ju ìyẹn lọ. Ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù kan. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ gé afárá ọmọ akọ tí wọ́n ti dé, ẹ kó o kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ eégbọn á bá a lọ.

*Iye ń pọ̀ sí i, oyin ń dín kù, ìyẹ́ ń ká kò:* ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ oògùn dé. Ẹ pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ oko. Oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún oyin nìkan ni kí ẹ lò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kórè oyin tán.

Oògùn òwú kì í ṣe oògùn oyin

Kòkòrò ni oògùn òwú ń pa, kòkòrò sì ni oyin. Èyí tí kò bá pa oyin yóò wọnú ìda, yóò pẹ́ níbẹ̀, yóò sì dé inú oyin tí ọmọ yín ń lá àti èyí tí ẹ ń tà lọ́jà.

Ẹ kọ ọjọ́ àti iye tí ẹ kà fún ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí òṣìṣẹ́ bá dé, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án.